Ilà Tí Mo Fà Kọjá Ibi Tí Mo Mọ̀

Ọdún 20 pé lóṣù yìí tí mo ti ń wọn odò, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ èyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Rating curve rẹ̀, ìyẹn ilà tí a fi ń ti inú gíga omi mọ ìṣàn (iye omi tó ń kọjá), rẹwà, àmì ìwọ̀n tò létòlétò. Èyí tó ga jù nínú wọn kò kọjá mítà 2, ilà tó fà sì dé mítà 6. Àyà mi já, torí mo ti fa irú ilà bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín.

Àkọ́kọ́: ẹ máa yẹ òpó ìwọ̀n tí a fi ń ka gíga omi wò. Bí igi tí omi ń gbé lọ bá wó o, tí wọ́n wá tún un rì, ibi tí òǹkà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lè fi sẹ̀ǹtímítà 20 yẹ̀. Gbogbo àkọsílẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti bàjẹ́ nìyẹn, kọ̀ǹpútà kò sì ní sọ fún yín.

Èkejì ni ilà tí a fà kọjá ibi tí ìwọ̀n wa dé. Èyí ló dùn mí jù.

Ọdún kẹrin mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí n ṣírò ìṣàn odò kan, irú èyí tí à ń retí lẹ́ẹ̀kan lọ́gọ́rùn-ún ọdún, kí a fi ya máàpù ewu omíyalé. Ìwọ̀n tí a ní kò ju mítà 2.1 lọ. Mo fa ilà náà dé mítà 5, inú mi sì dùn sí i. Kí n tó fi ránṣẹ́, bàbá tó ń bá wa ka òpó láràárọ̀ pè mí. Ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, bí omi bá ti bo gbòǹgbò igi ńlá yẹn, kì í gba iwájú òpó nìkan mọ́ o. Ó ń gba ẹ̀yìn." Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá." N kò lọ wò ó. Ìrìn wákàtí méjì péré ni.

Ipa odò àtijọ́ kan ló wà lẹ́yìn òpó. Bí omi bá ti kọjá mítà 3.4, á bo bèbè, á fọ́n sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, gíga omi lójú òpó kì í fi bẹ́ẹ̀ lé mọ́, bẹ́ẹ̀ ìṣàn ń di ńlá. Ilà mi kò mọ̀ pé bèbè wà. Gbogbo ẹ̀kún omi àtẹ̀yìnwá ló kà sí kékeré, orí rẹ̀ ni máàpù mi sì dúró lé.

Ọdún kejì, òjò dé. Lójú òpó, omi kò ju mítà 4.2 lọ. Nísàlẹ̀ odò, níbi tí ipa méjèèjì ti pàdé láàárín òkè méjì, omi ya wọ àwọn ilé tí mo sọ pé kò séwu fún.

Ọjọ́ kẹta ni mo débẹ̀. Ìyá kan mú mi wọ yàrá, ó nawọ́ sí ilà ẹrẹ̀ lára ògiri. Mo na tépù: sẹ̀ǹtímítà 130. Fọ́tò ìgbéyàwó tó gbé kọ́ ti wú, ojú ìyàwó ti parẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní omi ò ní dé ọ̀dọ̀ wa?" Mo ní èmi ni.

Irú ilà ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ la wá lò. A wọ̀n wọ́n láti ilé dé ilé kí a lè mọ bí ojú omi ṣe dagẹ̀rẹ̀, a wọn ìbú odò àti jíjìn rẹ̀, a fi ìlànà Manning ṣírò ìṣàn; iye tí a lò fún bí ojú ilẹ̀ ṣe ń dí omi lọ́wọ́ ni 0.03 fún ojú odò tó mọ́, nǹkan bíi 0.1 fún ibi tí igi ti dí. Ìṣàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ilà mi sọ.

Nípàdé, ọ̀gá tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, tó fi ọdún mẹ́ta kọ̀ láti fún wa lówó ọkọ̀ ká lè lọ wọn odò nígbà tó bá kún, ní "ọmọ yìí" ló ṣe é. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ìpè bàbá yẹn, ọrùn mi ló wà.

Ẹ̀kẹta rèé, ẹ̀yin àbúrò mi: ìgbà tí omi fà là ń wọn odò jù torí ó rọ̀ wá lọ́rùn. Ẹ jáde nígbà tó bá kún! Bí kò bá ṣeé wọ̀, ẹ dúró sórí afárá, ẹ ka eré tí ojú omi ń sá, kí ẹ fi nǹkan bíi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, torí omi ìsàlẹ̀ kì í sáré tó ti òkè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó ń kún ni àbí ó ń fà, nítorí ní gíga kan náà, ìṣàn ìgbà tó ń kún máa ń ju ti ìgbà tó ń fà lọ. Ibi tí ìwọ̀n yín kò dé, ẹ fi ilà tó gé sí wẹ́wẹ́ yà á, kí ẹ kọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sí i.

Mo bi àbúrò wa léèrè ẹni tó ń ka òpó odò tirẹ̀. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì la jọ ń lọ síbẹ̀.