Àkàrà Ìyá ní Kúbwá, àkàrà Ìyá ní Ìlú Ọba

Bí arúgbó bá papòdà nílẹ̀ Yorùbá, àkàrà ni wọ́n ń dín pín fún ará àdúgbò. Ìyá ọkọ wa mọ èyí, ó sì ti pàṣẹ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó kò. Ọmọ Ọ̀ffà ni. Ó ta ẹ̀wà ní Sabon Gari ní Kánò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kúbwá, l'Ábújá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa màlúù nítorí òun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá aṣọ ẹbí. Kí wọ́n dín àkàrà ní ọjọ́ kẹjọ, kí wọ́n sì máa dín in lọ́dọọdún, kí wọ́n fi ọwọ́ bó ẹ̀wà rẹ̀ títí èèpo kankan kò fi ní ṣẹ́kù. Àwa ìyàwó ilé ló fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ní báyìí apá kan wa wà ní Kúbwá, apá kan wà ní Ìlú Ọba, àṣẹ kan náà ni a sì ń tẹ̀ lé níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ la ti rí i pé ìlú méjèèjì kì í rántí òkú bákan náà.

Ní Kúbwá, omi àti àkókò ló kọ́kọ́ ń dani láàmú. Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí òkú sùn; ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá bọ́ lóru, wọ́n á ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan á ti ránṣẹ́ pe mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, kó ti kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ wá. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò pọ̀ jù, torí kì í ṣe òkú nìkan lomi wà fún. Àwọn èrò tó ń bọ̀ á ṣe àlùwàlá. Obìnrin ló ń wẹ obìnrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta, tàbí márùn-ún, tàbí méje ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, omi ìkẹyìn sì ni wọ́n ń pò káńfọ̀ mọ́. Aṣọ funfun márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń lò: ìró, ẹ̀wù, ìborí, àti méjì tí wọ́n fi ń wé gbogbo rẹ̀. Kó jẹ́ aṣọ òwú. Èyí tó ní rọ́bà nínú máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bó bá ti tutù. Láti Kúbwá lọ sí itẹ́ òkú Gudu, àárọ̀ kọ́ ló yẹ kéèyàn gbéra, torí gbogbo ọkọ̀ ló ń wọ ìlú nígbà náà. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni ọ̀nà ń fúyẹ́.

Lẹ́yìn ìrun òkú, ọkùnrin kan nínú ẹbí á dìde, á kéde pé ẹni tí òkú bá jẹ ní gbèsè kó yọjú. Fún obìnrin ọlọ́jà, ibí yìí gba ìṣọ́ra, torí pé orí ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ gbèsè wọn pa mọ́, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Àjọ ńkọ́? Bí ó bá ti kó àjọ kó tó lọ, ìyókù tí kò tíì dá ti di gbèsè, àwọn ọmọ ló ń dá a parí. Bí kò bá tíì kó o, owó rẹ̀ ni, ó sì di ogún. Ìyá ní ìwé kékeré kan tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ẹni tó jẹ ẹ́ lápá kan, ẹni tí òun jẹ lápá kejì. A dúpẹ́ fún ìwé yẹn.

Ní Ìlú Ọba, ìwé ló ń ṣáájú omi. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ní England àti Wales, dókítà àgbà kan tí wọ́n ń pè ní medical examiner gbọ́dọ̀ yẹ ohun tó fa ikú wò, àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọwọ́ coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú. Ìgbà tí ó bá fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ òkú sílẹ̀ ni ọjọ́ márùn-ún tí òfin fún ẹbí ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan jẹ́ pọ́ùn 12.50. Ẹ gba mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, torí báǹkì àti àwọn iléeṣẹ́ míì lè má gba fọ́tò rẹ̀. Ìwé aláwọ̀ ewé tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀ ni wọ́n fi ń sin òkú. Bí ẹ bá fẹ́ gbé òkú náà wálé, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún coroner ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Ẹ má gbàgbé oòrùn: ní oṣù Kejìlá, ó ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, bẹ́ẹ̀ l'Ábújá kì í wọ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù rárá. Ẹni tó bá fi ìrun ọ̀sán ṣe òṣùwọ̀n bíi ti Kúbwá á débẹ̀ nígbà tí wọ́n ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn itẹ́.

Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò lè bá ìsìnkú ọjọ́ kan náà ní Gudu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíi wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ òfuurufú ń lò. Ọjọ́ kẹjọ ni kó máa lé. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró ni ìwé ìrìnnà: ti Nàìjíríà ti kú láti ọdún kẹta, ti Ìlú Ọba nìkan ló wà láàyè, ó wá di pé ọmọ ń wá físà lọ sílé ìyá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ti Nàìjíríà kú lọ́wọ́ yín nígbà tí òbí bá ti dàgbà.

Ká wá sórí àkàrà, torí òun gan-an ni Ìyá fi ń bá wa sọ̀rọ̀ títí dòní.

Ní ọjà Kúbwá, mudu ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà. Mudu tó bá kún bò sún mọ́ kílò kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí mudu kí ẹ tó sanwó, torí àwọn kan ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ìyá kì í ra ẹ̀wà láìkọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò. Bí ìyẹ̀fun bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kòkòrò ti ń jẹ ẹ́. Bí òórùn oògùn bá ta sí i nímú, ó ti kọjá nìyẹn, kò sí bí olówó ṣe lè bẹ̀ ẹ́. Ata gbígbẹ ló fi ń tọ́jú tirẹ̀ nínú àpò. Ní Ìlú Ọba, inú ọ̀rá ni ẹ̀wà ń wà, kílò kan tàbí méjì, kòkòrò kì í sì í sábà sí níbẹ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé ó lè ti pẹ́ lórí pẹpẹ débi tó fi gbẹ gan-gan, irú bẹ́ẹ̀ kì í bó bọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú omi ti tó kí èèpo rọ̀ l'Ábújá. Omi ẹ̀rọ Ìlú Ọba nígbà òtútù ń gan èèyàn lọ́wọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fi ẹ̀wà sínú omi di àárọ̀ ní oṣù Kẹta, tí ooru Abuja ń mú jù, á bá a tó ti ń kan, àkàrà ẹ̀wà kíkan kì í sì í wú. Bíbó rẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù wà. Ní Kúbwá, obìnrin mẹ́fà á tẹ́ ẹní, mudu márùn-ún á bó tán láàárín ọ̀rọ̀. Ní Ìlú Ọba, ọwọ́ ẹnì kan ni, kílò kan sì lè gba wákàtí kan. Ọgbọ́n tí a ń dá ni pé kí a fi omi púpọ̀ sí ẹ̀wà nínú blender, ká tẹ̀ ẹ́ fìrí lẹ́ẹ̀mẹta, ká dá a dúró. Èèpo á ti tú, á léfòó, a óò sì dà á nù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ẹ̀wà á fọ́, á sì bá èèpo lọ. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n ti lọ̀ gbígbẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì yá, àmọ́ àkàrà rẹ̀ máa ń wúwo nínú. Ìyá kò ní gbà á, àwa náà kò gbà á.

Lẹ́yìn bíbó, ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí kan sí méjì kó lè kúnná. Ní ilé ẹ̀rọ ìlọta ní Kúbwá, ẹ ní kí wọ́n fi omi ṣan ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ sì da àkọ́kọ́ tó jáde nù, torí ẹni tó ṣáájú yín lè ti lọ ata tàbí àgbàdo. Ẹ dúró ti ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kó má bu omi kún un, torí omi ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ wúwo, òun náà ni kì í jẹ́ kí àkàrà dì. Nínú blender, kílò kan kò gbọdọ̀ gbà ju ife omi kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹ pín in lọ́nà mẹ́rin, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi láàárín wọn. Ata rodo mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí ẹ lọ̀ mọ́ ọn. Àlùbọ́sà ńlá méjì tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́ àti ṣíbí kékeré iyọ̀ mẹ́ta kò gbọdọ̀ dé inú rẹ̀ títí òróró á fi gbóná, nítorí àwọn méjèèjì ń fa omi jáde, gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ ti lù sínú rẹ̀ á sì wó. Ní orí èyí, Ìyá kì í gba ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìta la ti ń dín in ní Kúbwá, nínú agbada lórí èédú. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ fi páànù gbá a yíká, torí afẹ́fẹ́ ń tu òróró lójú, àkàrà á wá máa mu epo. Òróró ẹ̀pà ni ti Ìyá, ó ti mọ́ ọn lára láti Kánò. Ìlú Ọba ló yí èyí padà: ẹ̀pà wà lára nǹkan 14 tí òfin ibẹ̀ ní kí olóúnjẹ máa kéde, nítorí ó lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Torí pé a óò fún aládùúgbò jẹ, òróró míì la ń lò, a kì í fi ẹyin tàbí edé sí i, a sì ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára páálí. Òróró kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìkòkò lọ. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ má yọ bátìrì aago èéfín láé. Kílò kan ń mú bí ogójì sí àádọ́ta jáde.

Pínpín rẹ̀ l'Ábújá kò nílò àlàyé. Almájìrí á gbé abọ́ dé, àwọn ìyá Hausa tó wà lápá ọ̀tún á fi kóòkó tiwọn ránṣẹ́, torí kóòkó àti kósáí, ìyẹn ògì àti àkàrà, ni àwọn náà ń jẹ láàárọ̀. Gbogbo ẹni tó gbà á á ní "Allah ya jiƙanta", kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, ọ̀pọ̀ á sì fi ọ̀rọ̀ kan tí Ìyá sọ sí wọn rí kún un. Àdúgbò ló ń rántí rẹ̀, àwa kàn ń gbé abọ́ ni. Ní Ìlú Ọba, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lójú pópó wa. Bí a kò bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé, kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti máa sọ ọ́. Aládùúgbò á kọ káàdì, á sọ ọ́ sí ojú ihò lẹ́tà, kò ní tún dárúkọ òkú mọ́. Kì í ṣe àìláàánú. Wọ́n gbà pé ọ̀fọ̀ jẹ́ ohun ìkọ̀kọ̀ tí a kì í yọjú sí. Ẹ gbé àkàrà lọ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ ẹni tí ẹ ń dín in fún. Wọ́n máa ń béèrè nípa rẹ̀ nígbà náà. Ẹ má gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní, torí oúnjẹ inú agolo àti ti inú páálí ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Mọ́ṣáláṣí ni kí ẹ gbé e lọ.

Òfin Ìlú Ọba kò fi dandan mú agbanisíṣẹ́ láti san owó ọjọ́ tí èèyàn fi ṣọ̀fọ̀ ìyá ọkọ. Nítorí náà, ọjọ́ kẹjọ ń di Sátidé tó tẹ̀ lé e. Àwọn àáfà kan kò tilẹ̀ fara mọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ rárá, a kò bá wọn jà. Tiwa ni pé kí a ṣe àdúrà ní ọjọ́ rẹ̀ gan-an, lórí fóònù, bó ṣe ìdajì wákàtí, kí àkàrà dúró de Sátidé.

Ẹ ṣọ́ aago bí ẹ bá fẹ́ pàdé lórí fóònù. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni Abuja àti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń lò. Lẹ́yìn náà, Abuja á fi wákàtí kan ṣáájú. Lọ́jọ́ ọdún Ìyá, àwọn ti Kúbwá ló ń ki oríkì rẹ̀, kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí òtútù gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ilé ìdáná méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀wà, fóònù á dúró lórí tábìlì. Ẹ̀kán kan la ń sọ sínú ife omi tútù. Bó bá rì, afẹ́fẹ́ kò tíì tó nínú rẹ̀, ẹ máa lù ú lọ. Kúbwá ló máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá tiwa ti léfòó. Bó bá ti léfòó, ẹ fi iyọ̀ sí i.