Owó Wákàtí Kan

Houston, Ọjọ́rú, ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, 2024

Ẹ̀gbẹ́ ológbò kan tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún ni mo jókòó sí lọ́sàn-án òní. Wọ́n ti fún un ní oògùn akunilóorun, iṣẹ́ tèmi, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ vet tech (ẹni tó kọ́ṣẹ́ gba ìwé ẹ̀rí láti máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ dókítà ẹranko), sì ni láti máa wo bí ó ṣe ń mí, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù àti bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, kí n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún títí dókítà yóò fi parí. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo sì ti da aṣọ gbígbóná bò ó kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Inú mi dùn gan-an. Nígbà tí a wá ń fọ irinṣẹ́, obìnrin tó ń kọ́ mi níṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ti lo ọdún 11 lẹ́nu iṣẹ́ yìí, sọ iye tí wọ́n ń san fún un: dọ́là 22 ní wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé.

Mo wá mú bírò. Ìṣirò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí owó iṣẹ́ fi hàn pé, tí a bá to gbogbo vet tech ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, dọ́là 43,740 ni ẹni tó wà láàárín gbà ní ọdún 2023, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 21 ní wákàtí kan. Ti ẹni tó ń ran dókítà ẹranko lọ́wọ́ láìní ìwé ẹ̀rí jẹ́ 36,440. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju dọ́là 7,300 lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì gbáko ni mo ti fi jókòó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nítorí rẹ̀, yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé. Dókítà fúnra rẹ̀ gba 119,100 lọ́dún kan náà. Iṣẹ́ kò ní wọ́n wa, nítorí ìjọba kan náà sọ lọ́dún 2024 yìí pé àyè iṣẹ́ yìí yóò fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín ọdún 2023 sí 2033, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ara àyè tó ń ṣí sílẹ̀ ni ti àwọn tó rẹ̀, tí wọ́n sì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò jẹ́ kí n gbàgbé ìṣirò kejì. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, owó nọ́ọ̀sì tó wà láàárín sì jẹ́ 86,070 lọ́dún kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tiwa. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n bi mí bóyá ìfẹ́ ajá ni n óò fi san owó ilé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n parí eléyìí ná.

Ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe iye owó náà, bí kò ṣe ibi tí ọ̀nà ti dí. Moor Plantation n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ìmọ̀ ìlera ẹran, kí n tó máa lọ láti oko adìẹ kan sí òmíràn pẹ̀lú kúlà yìnyín tí mo kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, tí àwọn àgbẹ̀ ń pè mí ní dókítà, tí èmi náà sì ń dáhùn (kí Ọlọ́run dárí jì mí). Mo ń ta oògùn, mo ń bá wọn ra oúnjẹ adìẹ, èrè mi sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yẹn kò gbé mi dé gbọ̀ngán ìdánwò níbí, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ni wọ́n ń béèrè, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Texas, vet tech tó ti gba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ sọ àìsàn tó ń ṣe ẹranko, kò gbọdọ̀ kọ oògùn, kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Abẹ́ dókítà ni yóò wà títí. Kò sí oko tí n óò gbé kúlà lọ.

Nítorí náà, ibi tí ènìyàn bá gbé ìwé àṣẹ náà lọ ló ṣe pàtàkì. Àwọn kan ń gba iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn pàjáwìrì. Àwọn mìíràn ń lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó lè ṣe ìdánwò àkànṣe nínú ìtọ́jú eyín tàbí oògùn akunilóorun. Suuru mi kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí ló ń san owó tó sàn ju ti ilé ìwòsàn ẹranko lásán, wọ́n sì pọ̀ ní agbègbè Texas Medical Center, ibi tí àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá kóra jọ sí, tí kò jìnnà sí mi. Níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú ẹranko ìwádìí ní ìpele mẹ́ta, ènìyàn sì lè fi ṣe àtẹ̀gùn. Mo mọ̀ pé èkúté ni n óò máa tọ́jú ju ajá lọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní jáde láàyè. Mo rò ó títí tíì mi fi tutù. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń dín ìrora kù ló yẹ kó wà níbẹ̀, ju ẹni tí kò bìkítà lọ. Bóyá ara mi ni mo ń tàn, ṣùgbọ́n ibi tí mo bá a dé nìyẹn.

Ìdánwò àpapọ̀ tí vet tech ń ṣe kó tó gba ìwé àṣẹ yóò ṣí ní ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, ìbéèrè 170 láàárín wákàtí mẹ́ta. Ìṣirò ìwọ̀n oògùn ni mo ṣì ń ṣì. Ìwé tí mo fẹ́ fi béèrè iṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan wà lórí kọ̀ǹpútà báyìí. Ó ku orúkọ ẹlẹ́rìí kejì, n óò sì béèrè lọ́wọ́ obìnrin ọlọ́dún 11 yẹn lọ́la bóyá ó lè jẹ́ kí n fi tirẹ̀ sí i.