Rọ́kà àti bẹ́ńdì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí abẹ bàtà asáré orí yìnyín

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ pípọ́n bàtà àwọn asáré orí yìnyín, ẹ káàbọ̀. Kẹ́ ẹ tó mú òkúta ìpọ́nbẹ, ẹ kọ́kọ́ mọ bí abẹ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ bàtà, ṣe tẹ̀.

Téèyàn bá wo abẹ yẹn lásán, á rò pé ó tọ́ gbọọrọ. Kò tọ́ rárá. Láti iwájú dé gìgísẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ègé kan lára etí òbìrìkìtì ńlá kan. Ìyẹn ni rọ́kà. Fún pápá 400 mítà, rédíọ́sì òbìrìkìtì náà (láti àárín rẹ̀ dé etí) sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 22 mítà. Fún pápá kékeré oní 111.12 mítà, ó lè jẹ́ 8 mítà tàbí kó lé díẹ̀.

Ẹ mú bébà, ká jọ ṣírò bí àárín abẹ ṣe lọ sílẹ̀ tó. Ẹ fi gígùn abẹ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi rédíọ́sì lọ́nà mẹ́jọ pín in. Abẹ 40 sẹ̀ńtímítà pẹ̀lú rédíọ́sì 22 mítà: àárín rẹ̀ kò fi ju 0.9 mìlímítà lọ sílẹ̀ ju orí méjèèjì. Tí rédíọ́sì bá jẹ́ 8 mítà, ó di 2.5 mìlímítà. Ohun tójú ò lè rí yìí ló ń pinnu bí irin ṣe ń fara kan yìnyín. Ká ní abẹ wọlé 0.02 mìlímítà péré, ti 22 mítà á fi bíi 6 sẹ̀ńtímítà kan yìnyín, ti 8 mítà ò ní ju 3.6 lọ. Èyí tó gùn ń sáré lọ tààrà láìmì. Èyí tó kúrú rọrùn láti yí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yin híǹjì klapskate, bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣí kúrò lára abẹ, tí wọ́n ṣe ní Vrije Universiteit nílùú Amsterdam, tí gbogbo ayé sì rí ní Olympics Nagano lọ́dún 1998. Ìyìn náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n abẹ tó wà lábẹ́ híǹjì yẹn náà ní rọ́kà, ó sì ní bẹ́ńdì, ìyẹn bí a ṣe tẹ abẹ sí ẹ̀gbẹ́.

Bẹ́ńdì ni mo fẹ́ràn jù. Asáré tó ń fi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gba kọ́ọ̀nà tí rédíọ́sì rẹ̀ jẹ́ 25 mítà gbọ́dọ̀ fara tẹ̀ tó bíi dígírì 39. Bí abẹ ṣe fì bẹ́ẹ̀, rọ́kà 22 mítà á máa fa ìlà tó tẹ̀ ní rédíọ́sì bíi 35 mítà. Kọ́ọ̀nà sì ń béèrè 25! Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ abẹ ẹsẹ̀ méjèèjì díẹ̀ sí òsì, torí òsì ni wọ́n máa ń yà sí nígbà gbogbo. Ní pápá kékeré, wọ́n tún ń sún abẹ sí òsì lábẹ́ bàtà, kí awọ bàtà má bàa fara gbo yìnyín.

Ní ti òkúta, ìsàlẹ̀ abẹ tiwa pẹlẹbẹ ni, kò ní kòtò láàárín bíi ti họ́kì. Ẹ de bàtà méjèèjì mọ́ férémù, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan náà fa òkúta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ tó wúwo níbì kan ń jẹ rọ́kà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ yọ èérún irin tó hù sí ẹ̀gbẹ́ ojú abẹ, kẹ́ ẹ sì nù ún mọ́. Tí ẹsẹ̀ géèjì, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn rọ́kà, bá fi 100 mìlímítà jìnnà síra, ìyàtọ̀ rédíọ́sì 21 àti 23 mítà nínú rẹ̀ jẹ́ bíi 0.005 mìlímítà. Eruku kékeré lè parọ́ fún yín. Ẹ wọn ibi púpọ̀ lára abẹ, torí àwọn asáré kan fẹ́ kí àárín tọ́ ju iwájú lọ. Ẹ bi ẹni tó ni bàtà.

Tó bá ní bàtà òun ò fẹ́ yà ní kọ́ọ̀nà, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ bẹ́ńdì wò, torí bẹ́ńdì ṣeé tẹ̀ padà, irin tí òkúta ti jẹ ò ṣeé dá padà. Ẹ má yí méjèèjì pa pọ̀; ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.