Ẹ Kí Ọmọ Náà Kí Ẹ Tó Kọ́ Ọ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́yìn Kónílé-ó-gbélé

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo dúró ní Tákíé níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé mi lọ sí Ọ̀yọ́, nígbà tí ọmọbìnrin kan yọ láàárín èrò, tí ó kúnlẹ̀ sínú eruku, tí ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Kí ó tó gbé orí sókè ni mo ti dá a mọ̀. Ó ti dàgbà, ó ní òun ti wọ yunifásítì, inú rẹ̀ sì dùn láti rí mi; ṣùgbọ́n bí mo ti rí orúnkún rẹ̀ nílẹ̀ ni ọkàn mi padà sí ọjọ́ Ajé, 21 September 2020, ọjọ́ tí èmi fúnra mi pàṣẹ pé kí ó kúnlẹ̀. Láti Sátidé náà ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ẹnìkan nínú wa tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní kíláàsì rẹ̀ ní ọdún náà.

Ẹ rántí bí ó ti rí. Ní 27 February 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, nígbà tí yóò sì fi di ìparí oṣù March, wọ́n ti ti ilé-ìwé pa. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, ìyẹn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹfà, JSS 3 àti SS 3, ni wọ́n kọ́kọ́ dá padà ní ìparí oṣù June. Àwọn yòókù wà nílé títí di September. Nígbà tí a wọlé, ìlànà wà lọ́wọ́ wa: kí a wọn ìgbóná ara ọmọ ní ẹnu géètì, kí a gbé omi àti ọṣẹ sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn wọ ìbòmú, kí àga jìnnà síra. Gbogbo rẹ̀ ló dára, a sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ó dé ọwọ́ mi, kò sí ìlà kan tí ó ní kí a béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé ta ni kò sí nílé mọ́.

Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, èmi sì ni olùkọ́ kíláàsì JSS 2 ní ọdún náà. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, nígbà tí mo sì dé orí orúkọ ọmọ yìí, kò dáhùn. Mo rí i pé ó wà níbẹ̀, lórí àga kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ìbòmú ti bo ẹnu àti imú rẹ̀, ojú nìkan ló hàn, ojú náà sì ń wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Ní JSS 1, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè, òun náà ni mo máa ń ní kí ó ki oríkì fún àwọn yòókù, nítorí náà mo gbà pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi rìn kiri àdúgbò ló sọ ọ́ di aláfojúdi. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣì ń dún ní etí mi títí di òní. Mo ní, "Ṣé bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?" Lẹ́yìn náà mo ní kí ó bọ́ síwájú, kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Kò jiyàn, kò sunkún. Ó jáde, ó kúnlẹ̀.

Àṣà ìkíni ni ẹ̀kọ́ tó kàn ní ọjọ́ náà. Mo kọjú sí pátákó, mo ń kọ ìkíni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbà tí a ń lò ó: ẹ kú ewu ọmọ fún ẹni tó bímọ, ẹ kú ìnáwó fún ẹni tó ṣe àṣeyẹ, ẹ kú ọ̀fọ̀ àti ẹ kú ará fẹ́ra kù fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Ibẹ̀ ni mo dé nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde lẹ́yìn mi, tí ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, màmá rẹ̀ ti kú. Inú kónílé-ó-gbélé ni." Ṣọ́ọ̀kì wà lórí pátákó, ọwọ́ mi kò sì lè gbé e kúrò. Mo dúró báyìí, mo kọ ẹ̀yìn sí ọmọ 48, mo ń wo ìkíni tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, tí mo ti ń fi ṣe ìdánwò fún ọmọ láti ọdún mọ́kànlá, tí n kò sì kí ẹni tó tọ́ sí. Nígbà tí mo yíjú padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, nítorí kò sí ẹni tó ní kí ó sọ ọ́ kalẹ̀. Mo lọ bá a, mo fà á dìde. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọ ní gbogbo ọjọ́ náà ni pé, "Ṣé kí n padà sí àyè mi, mà?"

Ẹ má rò pé mo jẹ́ ẹni tí ń fìyà jẹ ọmọ láìnídìí. Gbogbo ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ lè jẹ́rìí sí i. Èmi náà wà nínú ọ̀fọ̀. Àbúrò bàbá mi kú ní Ìlọrin ní oṣù May, wọ́n sì ti dí ẹnu ibodè ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, n kò lè lọ sin ín. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí ọkàn mi wà, n kò fi ṣe àwíjàre.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n. Orí ni ó fọ́ ìyá ọmọ náà ní òru, kò sí ọ̀kadà lójú títì nítorí kónílé-ó-gbélé, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dákẹ́. Wọ́n sin ín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹnìkan kò yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn kankan, ṣùgbọ́n àdúgbò ní Kòrónà ni, nítorí náà kò sí ẹni tó yà sí ilé náà. Ìyá àgbà náà sọ fún mi pé èmi ni àjèjì àkọ́kọ́ tó wọlé wá kí àwọn, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ikú ọmọ wọn.

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn, mo sì ń tún un sọ níbikíbi tí wọ́n bá ti jẹ́ kí n sọ̀rọ̀: ẹ kí ọmọ náà kí ẹ tó kọ́ ọ. Nínú àṣà wa, a kì í fi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. Èrò á máa wọlé, wọn á jókòó, wọn á béèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀, onítọ̀hún á sì tún un rò fún ẹni kìíní, fún ẹni kẹwàá, títí tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi fúyẹ́ díẹ̀ ní ẹnu rẹ̀. Kòrónà gba èyí lọ́wọ́ wa, nítorí wọ́n ní kí a má pé jọ. Ilé-ìwé sì wà lára àwọn ibi tí èrò ti padà pé jọ, nítorí náà ọ̀fọ̀ tí a kò kí nílé ni àwọn ọmọ gbé wá bá wa.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀gá wa gbà kí a kó kíláàsì mẹ́ta jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá fẹ́ á dárúkọ ẹni rẹ̀ tó kú, gbogbo wa á sì dáhùn pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Orúkọ 17 ni a gbọ́. Nígbà tó di November, ọmọ náà ti ń na ọwọ́ sókè.

Ẹ̀kọ́ kejì fara pẹ́ ti àkọ́kọ́: dídákẹ́ ọmọ kì í ṣe àfojúdi. Àwọn kan dákẹ́, àwọn kan ń jà, àwọn kan ń sùn ní kíláàsì, àwọn kan ní inú ń run wọ́n ní gbogbo òwúrọ̀. Nígbà tí ìbọn dún ní ìlú wa ní 10 October 2020, tí ẹ̀mí sì bọ́ níbi ìfẹ̀hónúhàn lórí SARS, ìyẹn ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ọ̀sẹ̀ kẹta tí a wọlé nìyẹn, àwọn tó ti ń tújú ká tún padà sínú ìkarahun. A tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ nílẹ̀ ju kí a máa jókòó sábẹ́ igi lọ. Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọmọ tí a kò kí, mo sì mọ̀ pé etí rẹ̀ kò sí ní kíláàsì. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2011 lórí ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn tó gbọgbẹ́ ní kí a wò, kí a tẹ́tí, kí a sì mú onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí mo kà á, ìkíni ilé wa ni mo rí níbẹ̀.

Ẹ má sì ṣe dúró lórí àwọn ọmọ nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, pàápàá àwọn ti ilé-ìwé aládàáni tí kò rí owó oṣù gbà ní gbogbo àkókò náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa, tí wọ́n ń wọn ìgbóná ara gbogbo wa ní òròòwúrọ̀, ìyàwó wọn kú ní oṣù June. Wọ́n ti wọn tèmi fún oṣù méjì gbáko kí n tó mọ̀, kí n tó kí wọn.