Ìgbà tí Iná Wọ Ọ̀dàn

Nígbà tí wọ́n kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe ìwádìí nínú ọ̀dàn, ohun tí mo gbé sọ́kàn lọ ni pé ọ̀tá igi ni iná. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí ni èrò mi ti yí padà, nítorí mo rí i pé ìgbà tí iná wọlé ṣe pàtàkì ju iná fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ní Olókeméjì, igbó ọba tó wà láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, níbi tí ìdánwò kan ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929. Wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ṣì kù lára koríko. Wọ́n ń sun apá kejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ. Wọn kò sì jẹ́ kí iná dé apá kẹta rárá. Lẹ́yìn ọdún 28, apá tí iná kò dé ti di igbó dídí, ṣùgbọ́n ọ̀dàn ni èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́, bẹ́ẹ̀ òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí wọn.

Ní tiwa, a wọn ibi tí dúdú iná ga dé lára igi, a sì wo èèpo wọn. Èèpo igi ẹ̀mí, igi tí a ń rí òrí láti inú èso rẹ̀, nípọn, ó sán bí ẹ̀yìn ọ̀nì, iná kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ti igi àyin fẹ́lẹ́, kò rí ààbò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni igi kékeré kan tí kò ga tó orúnkún mi, tí ọ̀pá rẹ̀ kò nípọn ju ìka lọ. Mo fi ọkọ́ wa ìdí rẹ̀, mo sì bá gbòǹgbò tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, tí kùkùté mẹ́rin tó ti jóná wà lórí rẹ̀. Àgbà ni igi náà! Ńṣe ni iná ń gé e lulẹ̀, tí ó sì tún ń hù láti ìdí, títí di ọjọ́ tí yóò rí ọdún bíi mélòó kan tí iná líle kò wá, kí orí rẹ̀ lè ga kọjá ọwọ́ iná.

Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí bí wọ́n bá ń pe gbogbo darandaran tó sun koríko ní apanirun, nítorí èyí tí wọ́n bá tètè sun kì í ṣẹ́kù fún iná ńlá ìparí ẹ̀ẹ̀rùn.

A ti so nọ́ńbà mọ́ igi kékeré 40. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, a ó padà lọ wo èyí tó hù.