Pákó Ló Ń Dá Àsìkò

Ìbéèrè tí àwọn tó ń wá kí mi nílé máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ìgbà wo ni ọkọ̀ yìí máa parí. Mi ò tíì dá ọjọ́ fún un, mi ò sì fẹ́ dá a. Ọkọ̀ ìgbòkun ayé àtijọ́ ni mo ń fi igi kàn, kékeré tó ṣe é gbé ka orí tábìlì, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́kàn.

Ní òkèèrè, aago ló ń darí èèyàn: aago iṣẹ́, aago rélùwéè, aago tá a gbọ́dọ̀ fi pe ilé kí àwọn ará ilé tó sùn. Tó bá dìgbà òtútù, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó wọlé, fóònù ló sì máa ń gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Nídìí ọkọ̀ yìí, aago ò lágbára lórí mi. Pákó ló ń dá àsìkò.

Igi gbọọrọ tó la ìsàlẹ̀ ọkọ̀ já la kọ́kọ́ ń tò, ká tó ki àwọn egungun ìhà bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kánjú lẹ pákó láti ibẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó wà láàárín méjèèjì gan-an ni iṣẹ́. A gbọ́dọ̀ fi sáńpépà ha etí egungun kọ̀ọ̀kan kó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pàápàá níwájú ọkọ̀ níbi tí pákó ti ń yí wọlé. Pákó kan ṣoṣo ni mo fi ń dán an wò: màá tẹ̀ ẹ́ lé àwọn egungun náà, màá gbé e sí ọ̀kánkán iná, màá wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ yọ láàárín. Ibi tó bá ti yọ, egungun ibẹ̀ ti wọnú jù, màá lẹ igi pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Ibi tí pákó bá ti wú síta, màá tún ha á.

Pákó náà kì í sábà nípọn ju mìlímítà 1 tàbí 2 lọ. A máa ń rẹ ẹ́ sómi, a ó fi ooru tẹ̀ ẹ́, a ó wá dè é mọ́ ara ọkọ̀ títí yóò fi gbẹ. Tí èèyàn bá lẹ̀ ẹ́ ní tútù, omi ti mú un wú. Tó bá gbẹ, á sún kì, àlàfo á sì yọ. Bí a bá lẹ ọ̀kan sápá òsì, apá ọ̀tún ló kàn, torí apá kan tó bá ṣáájú lè fa ọkọ̀ wọ́.

Àwọn tó kan ọkọ̀ gidi náà dúró de igi. HMS Victory, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Portsmouth títí dòní, ọdún 1759 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Chatham, ó di 1765 kó tó bọ́ sómi. Ogun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jà nígbà náà parí láàárín, wọ́n sì fi egungun rẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 3 kó máa gbẹ. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ láyé.

Okùn ló kẹ́yìn. Ìda oyin la fi ń ra òwú kí irun ara rẹ̀ lè sùn. Ní ìwọ̀n 1:72, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 72 tóbi ju tèmi lọ, ẹni tó ga ní mítà 1.8 kò ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, òun ni mo fi ń wo àtẹ̀gùn okùn: ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ á dé èyí tó kàn?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má fi Victory bẹ̀rẹ̀ o. Òpó rẹ̀ mẹ́ta, àgbá ogun rẹ̀ lé ní 100. Ọkọ̀ olópòó kan ti tó. Kó sì máa pààrọ̀ abẹ déédéé, torí abẹ tó ti kú kì í gé igi, ṣe ló ń fà á ya.