Jákọ́bù 2:16 àti mítà gáàsì

Nígbà tí mo wà n'Íbàdàn, mo lè ka ìwé Jákọ́bù orí kejì tán láìdúró lórí ẹsẹ kẹrìndínlógún rárá. Ẹ mọ̀ ọ́n: arákùnrin tàbí arábìnrin kan kò ní aṣọ, kò ní oúnjẹ òòjọ́, ẹnìkan wá ń sọ fún un pé kó máa lọ ní àlàáfíà, kí òtútù má mú un, kó sì yó. Ti oúnjẹ yé wa. Ta ni kò mọ ebi? Ti òtútù ni kò jọ wá lójú. Òtútù wo ní ń bẹ ní Bódìjà, yàtọ̀ sí ọyẹ́ tí súwẹ́tà kan tó láti lé lọ?

Ìlú òyìnbó ló jẹ́ kí n padà sórí ẹsẹ yẹn. Ìjọ wa wà ní gúúsù London, nínú ọgbà tí wọ́n kọ́ fún ilé-iṣẹ́ àti ibi ìkẹ́rùsí. Àwọn tó ń pààrọ̀ táyà wà lápá kan, àwọn tó ń ta tááìlì wà lápá kejì, ìró ìlù wa àti ìró ẹ̀rọ wọn sì ti mọ́ra wọn lára. Ẹni tó bá ti gba Old Kent Road kọjá lọ́jọ́ Ìsinmi mọ irú ibi tí mò ń sọ. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde lọ́dún 2013 ka ìjọ àwa aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan, àgbègbè tí Old Kent Road yẹn wà. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò wọ́n ládùúgbò wa rárá. Ìwàásù wà, ìṣọ́ òru wà, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún wà, ẹ̀kọ́ Bíbélì sì ń lọ nílé àwọn ará ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ìgbà tó di ọdún 2022 ni nǹkan yí. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, owó tí ilé tó ń lo iná àti gáàsì níwọ̀ntúnwọ̀nsì máa san lọ́dún fò láti £1,277 sí £1,971. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ìjọba ní láti dá sí i kí ti irú ilé bẹ́ẹ̀ lè dúró sí nǹkan bíi £2,500. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ni gbogbo èèyàn ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ gáàsì ti ń gbówó lórí kí ogun yẹn tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ mítà prípéèdì dáadáa. Ó wà níbí náà. Kọ́kọ́rọ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ti iná, káàdì fún ti gáàsì, ṣọ́ọ̀bù ìtòsí lèèyàn sì ti ń sanwó sí i. Bí owó bá tán, mítà á yá ọ ní pọ́n-ùn díẹ̀. Bí ìyẹn náà bá tán, gáàsì á dákẹ́, ilé á sì tutù. Ohun tí mítà ilé ò kọ́ wa ni pé owó kan wà níbí tí wọ́n ń kà sí ọ lọ́rùn lójoojúmọ́, o dáná o, o ò dáná o. Tó o bá wá fi owó tuntun sí káàdì, gbèsè ni mítà máa kọ́kọ́ mú. Ẹni tí gáàsì rẹ̀ ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè ra gáàsì lówùúrọ̀ kó má rí i lò tó bó ṣe rò.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa ló gbàlejò ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ kan ní oṣù kejìlá. Físà ìtọ́jú arúgbó ló gbé e dé. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣèlérí wákàtí iṣẹ́ púpọ̀, ìgbà tó dé, wákàtí díẹ̀ ló bá. Kò sì lè ṣàdéédéé fi wọ́n sílẹ̀, àfi tó bá rí onígbọ̀wọ́ mìíràn. A kọ ọ́ sórí físà rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Gbogbo èyí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Ohun tí a mọ̀ ni pé ohùn rẹ̀ dùn, àti pé kì í pẹ́ dé.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kì í tilẹ̀ í ṣe Jákọ́bù. Éfésù orí kẹfà ni, ìhámọ́ra Ọlọ́run. A jókòó yíká pálọ̀, kò sí ẹni tó bọ́ kóòtù. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ dùféètì kan lórí àga, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ó ní ká má bínú, bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú ilé gbóná, ló ń yọ òun lẹ́nu. A ní kò burú. A sọ̀rọ̀ dé orí àṣíborí ìgbàlà, a ṣe àdúrà ìparí, olórí ẹ̀kọ́ sì bẹ Olúwa kó pèsè fún ilé tó gbà wá lálejò. Àmín wa mi ògiri.

Màmá kan wà láàárín wa, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ti ń gbé London kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Wọ́n ti lọ sí kíṣínì bu omi mu. Mítà gáàsì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí. Nígbà tí gbogbo wa ń ṣe oore-ọ̀fẹ́, Màmá kò dìde. Wọ́n pe arábìnrin náà sún mọ́ra, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Ìyá Ìbejì, káàdì gáàsì dà?"

Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá kí n ṣèyọnu. Káàdì ni mo ní kó o gbé wá."

Wọ́n fi £20 lé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa lọ́wọ́, wọ́n ní kó sáré kí ṣọ́ọ̀bù tó tì. Ìgbà tó fi káàdì bọ mítà, ohun tó kù lójú ẹ̀rọ kò tó £6. Ọmọkùnrin yẹn rò pé òun ló ṣe nǹkan bà jẹ́. Màmá wò ó, wọ́n wo àwa tó kù, wọ́n tún yọ £20 mìíràn. Kò sí ẹni tó wàásù fún wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ jáde nílé náà.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé èyí tí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò dára. A mọ orí, a mọ ẹsẹ, àwọn kan lè ka Sáàmù ọgọ́rùn-ún kan ó lé mọ́kàndínlógún débi tí yóò sú ọ. Àmọ́ Jákọ́bù ò bi wá léèrè ohun tí a mọ̀ sórí. Ó ní bí a kò bá fún wọn ní ohun tí ara ń fẹ́, èrè kí ni? Ohun tí ara ń fẹ́ ní oṣù kejìlá ní London, gáàsì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìjọ yan àwọn mẹ́rin tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn aláìní, tí yóò sì máa pín oúnjẹ fún wọn, èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ ìwé ìpàdé wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú wa rí ni pé àwọn èèyàn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìtìjú ọmọ Yorùbá kì í ṣe kékeré. Ẹni tí gbogbo ẹbí ní Òṣogbo rò pé ó ń jayé ní London, báwo ló ṣe fẹ́ wá sọ pé òun ò rí owó gáàsì san? Nítorí náà, a fòfin dè é pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ẹni tó ń gba ìrẹsì. Mo mọ̀ pé àwọn ìjọ kan ń gbé e sí Facebook, kí àwọn olùfúnni lè rí i pé owó wọn kò ṣòfò. Èmi kò fara mọ́ ọn. Olúwa ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti WhatsApp.

Ohun kejì ni pé ìbẹ̀rù pọ̀ ju àìní lọ. Àwọn kan ń fi ebi sùn nítorí wọ́n gbọ́ pé bí èèyàn bá gba oúnjẹ ní fúùdù báǹkì, wọn ò ní tún físà rẹ̀ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ló ń fúnni ní oúnjẹ yẹn, kì í ṣe owó ìrànwọ́ tí físà kà léèwọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará wa tó jẹ́ agbẹjọ́rò ló dìde nínú ìsìn tó ṣàlàyé rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ó sì ṣe àwọn èèyàn láǹfààní ju ìwàásù ọjọ́ náà lọ. Pásítọ̀ fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ẹ má rò pé gbogbo èèyàn gbà. Àwọn kan fi Tẹsalóníkà Kejì orí kẹta bò wá mọ́lẹ̀: bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó má jẹun. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ló ń bá wí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin ní kó má ṣiṣẹ́ ju ogún wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, ṣé òun náà kò fẹ́ ṣiṣẹ́? Ẹni tó ń dúró de èsì ìwé ibi ìsádi, tí òfin dè lọ́wọ́? Nínú irú àwọn wọ̀nyí, àwọn kan ti bẹ̀ wá pé ká jẹ́ káwọn máa fọ ilé ìsìn, káwọn má kàn jẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni kíkùn wá bẹ̀rẹ̀, ibi tí a kò sì fọkàn sí ló ti wá. Àwọn arábìnrin wa láti Gánà, àti Igbo méjì, ní àwọn kì í tètè gbọ́ bí oúnjẹ bá dé. Òótọ́ ni. Yorùbá la fi ń kéde lórí ẹgbẹ́ WhatsApp, a kò sì rò ó wò. Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà gẹ́lẹ́ ni: àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì kùn sí àwọn Hébérù pé wọ́n ń gbàgbé àwọn opó àwọn nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ. Mo ti ń ka ìtàn yẹn láti kékeré bí ìtàn bí díákónì ṣe bẹ̀rẹ̀. N kò fọkàn sí i rí pé orúkọ Gíríìkì ni gbogbo àwọn méje tí wọ́n yàn ń jẹ́, láti orí Sítéfánù dé orí Níkólà ará Áńtíókù. Ó jọ pé àwọn tí wọ́n ń gbàgbé ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Àwa náà fi arábìnrin ará Gánà kan ṣe olórí ìpínfúnni. Ó le ju gbogbo wa lọ. Bí o bá pẹ́ dé, o ò ní bá ẹ̀pà.

Èyí tí a kò tíì yanjú ni ti owó ìkọ́lé ìjọ. Owó ìkọ́lé wà nílẹ̀ tí a ti ń dá láti ọdún pípẹ́, ká lè kúrò lọ́dọ̀ àwọn alátáyà. Nígbà tí owó àwọn aláìní gbẹ, ẹnìkan dábàá pé ká yọ díẹ̀ níbẹ̀. Alàgbà wa kan dìde, wọ́n ka Hágáì orí kìn-ín-ní: ṣé àkókò tó fún yín láti máa gbé ilé tó ní ọ̀ṣọ́, kí ilé Olúwa wà ní ahoro? Màmá tó ra gáàsì dá wọn lóhùn láti orí ìjókòó pé, "Ilé ọlọ́ṣọ̀ọ́ dà níbẹ̀, Bàbá? Ilé ẹni tó tutù là ń wí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́, Pásítọ̀ ní ká sọ ọ́ sí àdúrà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ti gbà kí ìdá mẹ́wàá owó ìkọ́lé tó bá ń wọlé máa lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìní láti oṣù kọkànlá di ìparí oṣù kẹta. Alàgbà ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé àwọn kò fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́. Ní oṣù kẹrin, ọ̀rọ̀ náà tún ń padà bọ̀ lórí tábìlì.